Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí London Láyé Gẹ̀ẹ́sì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Èkìtì

Ó ṣòro kí ẹ dé ìlú kan ní Èkìtì kí ẹ má rí ìdílé tí yóò sọ fún yín pé, “Bàbá wa kọ̀wé sí Ọba London lórí ọ̀rọ̀ yìí.” Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ oyè, ó lè jẹ́ ti ààlà ilẹ̀, ó lè jẹ́ ti owó orí. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni èsì tó ti London wá. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí lórí rẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni ìwé ẹ̀sùn náà gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ síbẹ̀. Wọn kì í ṣe òpè.

Ta gan-an ni wọ́n ń kọ ìwé náà sí?

Orúkọ Ọba ni ọ̀pọ̀ ń kọ sókè ìwé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní Secretary of State for the Colonies. Colonial Office ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní London. Ọba England kì í dá ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ìmọ̀ràn mínísítà ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, bí èsì bá ní wọ́n ti gbé ìwé yín síwájú Kábíèsí, àmọ́ mínísítà kò rí ìdí tó fi lè gba Kábíèsí nímọ̀ràn láti ṣe ohun tí ẹ béèrè, ẹ má rò pé Ọba jókòó, ó wọ awò ojú, ó sì ka ìwé bàbá yín láti òkè délẹ̀. Akọ̀wé kan ní Colonial Office ló kà á, ẹni tó jù ú lọ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ṣé aráàlú lásán lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí mínísítà?

Ó lẹ́tọ̀ọ́. Ìwé ìlànà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ wọ̀nyẹn, Colonial Regulations, gbà bẹ́ẹ̀. Ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ì báà jẹ́ àgbẹ̀, ó lè kọ̀wé sí mínísítà bó bá wù ú. Ìlànà kan náà ló wá sọ bí yóò ṣe kọ ọ́: ẹ̀dà mẹ́ta, kò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ pa, ọ̀dọ̀ Gómìnà ni yóò sì kó o lọ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí Gómìnà bá òun fi ránṣẹ́.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí “kò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ pa” yẹn. Ẹni tó fẹ́ sọ fún London pé Gómìnà yan òun jẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé náà han Gómìnà ní ìṣísílẹ̀, kí ó kà á tán, kí ó tó lọ.

Ṣé Gómìnà lè gbé ìwé náà pamọ́?

Ojúṣe rẹ̀ ni láti fi ránṣẹ́. Kò sì nílò láti gbé e pamọ́, nítorí ó ní ohun tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́: lẹ́tà tirẹ̀ ni yóò ṣáájú ìwé ẹ̀sùn náà. Níbẹ̀ ni yóò ti sọ ẹni tí olùbẹ̀bẹ̀ jẹ́, bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lójú ìjọba, àti ìdáhùn tí òun rò pé ó yẹ. Lẹ́tà Gómìnà ni mínísítà ń kọ́kọ́ kà. Olùbẹ̀bẹ̀ kì í rí i, kò mọ ohun tí wọ́n kọ nípa òun, kò sì ní àǹfààní láti fèsì. Bí ẹ bá bi mí ibi tí ìwà ìrẹ́jẹ wà nínú gbogbo ètò yìí, ibẹ̀ ni mo máa fi ọwọ́ sí.

Àwọn aláṣẹ ní àlàyé tiwọn o. Wọ́n ní London jìnnà, mínísítà kò mọ Ado yàtọ̀ sí Akúrẹ́, bí kò bá sì gbọ́ tẹnu ẹni tó wà nítòsí, yóò ṣi ẹjọ́ dá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó wà nítòsí yẹn náà ni wọ́n pè lẹ́jọ́.

Bí ẹnì kan bá fi ìwé rẹ̀ sí póòsì tààrà, kó má gba ọ̀dọ̀ Gómìnà ńkọ́?

Ìwé náà yóò padà wá. Ohun tí ìlànà sọ ni pé ìwé tó bá dé ọ̀dọ̀ mínísítà láìgba ọwọ́ Gómìnà, kí wọ́n dá a padà sí Gómìnà kí ó wá sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé lẹ́tà láti Èkó dé Liverpool ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú òkun. Lílọ rèé, bíbọ̀ rèé, ìwádìí rèé, lílọ lẹ́ẹ̀kejì rèé. Ẹni tó rò pé òun gba ọ̀nà àbùjá ti fi oṣù púpọ̀ kún ìrìn àjò ìwé rẹ̀.

Síbẹ̀ àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Wọn a kọ ọ̀kan sí mínísítà, wọn a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan ní London, sí Anti-Slavery and Aborigines' Protection Society, ẹgbẹ́ kan ní London tó ń gbèjà àwọn èèyàn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì gbà, àti sí ìwé ìròyìn ní Èkó. Ohun tí àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ ni kí ẹnì kan dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kó bi mínísítà léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan báyìí. Bí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá ti fẹ́ wáyé, kíá ni mínísítà yóò kọ̀wé sí Gómìnà pé òun fẹ́ àlàyé, nítorí òun náà gbọ́dọ̀ rí nǹkan sọ.

Ọ̀nà wo ni ìwé tó kúrò ní Ado-Èkìtì ń gbà?

Ado ni Ajẹ́lẹ̀ tó ń ṣàkóso Èkìtì wà láti 1913, ìyẹn District Officer, D.O. Akúrẹ́ ni Rẹ́sídẹ́ǹtì tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ wà, lẹ́yìn tí wọ́n dá Ondo Province sílẹ̀ ní 1915. Láti 1939, ìwé gbọ́dọ̀ ya Ìbàdàn kó tó dé Èkó. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni yóò fọwọ́ kan ìwé náà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nínú fáìlì. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ìpínrọ̀ rẹ̀ ní nọ́ńbà. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ gùn, ó sì kún fún ìtẹríba: “àwa ìránṣẹ́ yín tó rẹlẹ̀ jù lọ” níbẹ̀rẹ̀, “a ó máa gbàdúrà fún yín títí láé” nípárí. Nísàlẹ̀ ni orúkọ àwọn ìjòyè tò sí, oyè wọn lápá kan, àtẹ̀ka wọn lápá kejì, yíǹkì àtàǹpàkò tó ti ràn díẹ̀ sára ìwé. Ẹ̀gbẹ́ ìwé wá ni ibi tí ọ̀rọ̀ gidi wà. D.O. ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan, ó kọ “irọ́ ni” sí i. Níwájú, ó fi àmì ìbéèrè sí orúkọ kan. Ọ̀rọ̀ tó fi pẹ́ńsù kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yẹn ni yóò di ìròyìn fún Rẹ́sídẹ́ǹtì: ta ni àwọn wọ̀nyí, ṣé ìjòyè ni wọ́n lóòótọ́, ṣé a kò ti dá ẹjọ́ yìí tẹ́lẹ̀, ta ló ń tì wọ́n lẹ́yìn. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í wọ́n níbẹ̀. Ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláṣẹ láti gbà pé aráàlú lè bínú fúnra rẹ̀. Àfi kó jẹ́ pé akọ̀wé kan tàbí ọlọ̀tẹ̀ kan ló kó sí wọn nínú.

Èsì á tún gba ọ̀nà tí ìwé gbà lọ padà. London á sọ fún Èkó, Èkó á sọ fún Rẹ́sídẹ́ǹtì, Rẹ́sídẹ́ǹtì á sọ fún D.O. pé kó jẹ́ kí olùbẹ̀bẹ̀ mọ̀. Akọ́dà á lọ pè wọ́n. Ìwé wọn lè gùn tó ojú ewé mẹ́wàá, èsì rẹ̀ lè máà ju ìlà méjì lọ: mínísítà ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kò rí ìdí tí òun fi ní láti dá sí i.

Kí ló dé tí wọn kò fi gba ilé ẹjọ́ lọ?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ bi mí ní èyí, nítorí òun ló ṣí ojú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ní 1914, nígbà tí Gómìnà Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ó dá àwọn kóòtù kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Provincial Court. Rẹ́sídẹ́ǹtì àti àwọn D.O. rẹ̀ ni adájọ́ níbẹ̀, wọn kò sì gba lọ́yà láyè rárá. Bó ṣe wà nìyẹn títí Gómìnà Donald Cameron fi yí i padà ní 1933. Fún nǹkan bí ogún ọdún, ẹni tó ń gba owó orí lọ́wọ́ yín náà ló ń jókòó dá ẹjọ́ owó orí yín.

Ti oyè tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1930 lórí fífi ọba àti ìjòyè jẹ àti yíyọ wọn fi Gómìnà ṣe adájọ́ kan ṣoṣo lórí àríyànjiyàn oyè. Tí Gómìnà bá ti sọ̀rọ̀, ta ló kù lókè rẹ̀? London nìkan ni. Ìdí nìyẹn tí fáìlì fi kún fún ìwé ẹ̀bẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn mìíràn tí wọn ì bá kàn.

Ta ló ń bá wọn kọ ọ́?

Àwọn akọ̀wé, tísà, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì ìjọba rí, àti àwọn tó fi lẹ́tà kíkọ ṣe iṣẹ́ jẹun nítòsí kóòtù. Òfin kan wà tó dè wọ́n: ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ̀wé gbọ́dọ̀ ka ohun tó kọ sí i létí, kó túmọ̀ rẹ̀ fún un, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ sínú ìwé náà. Òfin náà dáàbò bo aláìmọ̀wé lóòótọ́. Ó tún jẹ́ kí ìjọba mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nídìí kálámù. Bí ẹ bá rí orúkọ àjèjì kan nísàlẹ̀ ìwé ìdílé yín, akọ̀wé náà nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ ilé.

Ìgbà wo ni àwa Èkìtì ti bẹ̀rẹ̀ irú èyí?

Ṣáájú kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé orí wa. Nígbà ogun Kírìjì, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ níbẹ̀, ń bá Gómìnà Èkó sọ ọ́ pé kó dá sí ogun náà. Fún ọdún púpọ̀, London kò fẹ́ kí Gómìnà Èkó tọrùn bọ ọ̀rọ̀ àwọn ìlú òkè. Ọdún 1886 ni wọ́n tó gbà láàyè, tí àwọn ọba fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Àwọn èèyàn wa ti mọ̀ láti ìgbà náà pé Gómìnà pàápàá ní ọ̀gá tó ń bẹ̀rù.

Ṣé ẹnikẹ́ni jìyà nítorí pé ó lọ bá London?

Ẹjọ́ Èṣùgbàyí, Elékòó, ìyẹn ọba Èkó, ni kí ẹ kà. Ní 1920, Olóyè Amodu Tijani, tó jẹ́ Olúwa ní Èkó, lọ sí London lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá. Herbert Macaulay tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, wọ́n sì mú ọ̀pá Elékòó dání. Macaulay sọ̀rọ̀ nípa Elékòó níbẹ̀ lọ́nà tó bí ìjọba Èkó nínú, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e. Ìjọba ní kí Elékòó rán alágogo káàkiri ìlú kó kéde pé ọ̀rọ̀ Macaulay kì í ṣe tòun. Elékòó kò rán alágogo. Wọ́n gba owó oṣù rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò kà á sí mọ́. Ní 1925, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Ẹ rò ó wò bí irú ìròyìn yẹn ti máa dún létí ọba kan ní Èkìtì, tí owó oṣù òun náà ń ti ọwọ́ ìjọba wá. Ọba tó bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn lẹ́yìn 1925 mọ ohun tó fi wewu. Nígbà tí ẹ bá rí àtẹ̀ka àwọn ìjòyè láìsí ti ọba, ẹ má yára sọ pé ọba kò sí lẹ́yìn wọn.

Ṣé ẹnì kan tiẹ̀ borí rí?

Àwọn kan borí, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó dá wọn láre. Olúwa borí ní 1921: Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ilẹ̀ Àpápá jẹ́ ti àwọn èèyàn rẹ̀, ìjọba tó bá gbà á gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ tó péye. £22,500 ni wọ́n san níkẹyìn. Elékòó náà borí níbẹ̀ ní 1931: àwọn adájọ́ sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè fi òmìnira ẹnikẹ́ni dù ú àfi bó bá lè fi hàn níwájú kóòtù pé òfin fún un lágbára. Elékòó padà sí Èkó lọ́dún yẹn.

Adájọ́ ló dá àwọn méjèèjì láre, kì í ṣe mínísítà. Níwájú adájọ́, Gómìnà di ẹnì kan lásán nínú ẹjọ́, lọ́yà sì ń dá a lóhùn lójú gbogbo èèyàn. Ní ọ́fíìsì mínísítà, Gómìnà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Owó lọ́yà, owó ọkọ̀ àti ọdún mẹ́wàá ìfaradà ni ọ̀nà adájọ́ ń gbà, àgbẹ̀ Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n kò sì ní in.

Ẹ̀rí kan wà tó yàtọ̀. Ní 1898, àwọn ará Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, rán aṣojú lọ bá mínísítà Joseph Chamberlain lórí òfin ilẹ̀ tí Gómìnà wọn fẹ́ ṣe. Ó gbà wọ́n lálejò, òfin náà sì kú síbẹ̀. Àwọn ọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ti pa ohùn pọ̀, wọ́n sì gba lọ́yà ní London.

Àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn lọ ńkọ́, ṣé mínísítà ń gbà wọ́n?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ní 1920, National Congress of British West Africa, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, rán aṣojú lọ láti béèrè pé kí aráàlú máa dìbò yan ọmọ ìgbìmọ̀. Mínísítà ìgbà náà, Lord Milner, kò gbà wọ́n lálejò. Ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn Gómìnà, wọ́n sì ní àwọn wọ̀nyí kò ṣojú ẹnikẹ́ni. Hugh Clifford, Gómìnà Nàìjíríà, fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé Clifford yìí kan náà ló mú òfin 1922 wá, tó fún àwọn ará Èkó àti Calabar ní ìbò.

Ní 1947, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rán Nnamdi Azikiwe, Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn mìíràn lọ lórí òfin ìjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti rìn káàkiri Nàìjíríà, wọ́n dá owó tó lé ní £13,000. Ojú ọ̀nà yẹn ni àìsàn ti kọ lu Macaulay tó fi kú ní 1946. Mínísítà Arthur Creech Jones gbà wọ́n lálejò ní oṣù kẹjọ 1947, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sílé lọ bá ìjọba fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Òfin tí wọ́n ní kí wọ́n lọ gbà yẹn kò lò tó ọdún márùn-ún tí wọ́n fi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí ni ìwé ẹ̀bẹ̀ ṣe fún Ọ̀tùn?

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pa ààlà Àríwá àti Gúúsù, Ọ̀tùn bọ́ sábẹ́ Ìlọrin. Ìlú Ọọ̀rẹ̀, ìyẹn ọba Ọ̀tùn, tí ọ̀pọ̀ Èkìtì ń kà sí aṣíwájú láàárín àwọn aládé wa, ló di ara Àríwá. Wọn kò dákẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń kọ ọ́, lọ́dọ̀ D.O. kan dé òmíràn, títí wọ́n fi dá Ọ̀tùn padà sí Èkìtì ní 1936. Òbó, Ọ̀sì àti Ọ̀pìn, tí àwọn náà wà lábẹ́ Ìlọrin, kò bá a bọ̀. Kwara ni wọ́n wà títí dòní. Nígbà tí London rán ìgbìmọ̀ Willink wá ní 1957 láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó kéré níye, ọ̀rọ̀ Yorùbá Ìlọrin àti Kabba wà lára ohun tí wọ́n gbọ́. Àbọ̀ wọn jáde ní 1958, ààlà kò sì yí.

Níbo ni mo ti lè rí ìwé bàbá bàbá mi?

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí National Archives ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì. Fáìlì ọ́fíìsì Ado wà lábẹ́ Ekdiv, ti Akúrẹ́ wà lábẹ́ Ondo Prof, ti Èkó sì wà lábẹ́ CSO. Fún apá London, The National Archives ní Kew ni. Lẹ́tà Nàìjíríà wà lábẹ́ CO 583. Àwọn ìwé kan tó ti pẹ́ kò sí mọ́ níbẹ̀, àkọsílẹ̀ nìkan ló kù tó ń sọ pé wọ́n ti pa wọ́n run lábẹ́ òfin. Nítorí náà, ẹ̀dà tó kù ní Ìbàdàn lè jẹ́ kan ṣoṣo tó wà láyé.

Ẹ má wá orúkọ bàbá nìkan. Orúkọ oyè rẹ̀ ni kí ẹ fi wá a, àti orúkọ ìlú bí Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn ṣe ń kọ ọ́: wọn kì í fi àmì sí i, lẹ́tà kan lè yí. Ẹ mú ọdún tí ọba kan wàjà tàbí tí òmíràn jẹ dání, nítorí fáìlì oyè ni ìwé ẹ̀sùn pọ̀ sí jù lọ.

Ṣé a lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí nínú ẹjọ́ oyè lónìí?

Àwọn èèyàn ń mú wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí àti kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló kọ ìwé ẹ̀sùn, ohun tó fẹ́ gbà ló sì kọ. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Bí ẹ bá rí ìwé tiyín, ẹ máa ṣí fáìlì náà lọ síwájú: ìwé tí ìdílé kejì kọ láti fi fèsì sábà máa ń wà níbẹ̀, ìròyìn D.O. wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ojú ewé tó dùn mọ́ yín nìkan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fáìlì sẹ́yìn ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.